Amẹ́ríkà: Bí ìwé-ẹ̀rí ọlọ́dún méjì ṣe lè di ẹnu-ọ̀nà yunifásítì láìfi ọdún ṣòfò

Bí a bá kó akẹ́kọ̀ọ́ 100 jọ lára àwọn tó ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nǹkan bí 80 nínú wọn ló máa sọ pé yunifásítì ni àwọn ń lọ. Wọ́n fẹ́ ṣe ọdún méjì àkọ́kọ́ níbi tí owó ilé-ìwé kò ti wọ́n, kí wọ́n sì lọ parí èyí tó kù ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n àwọn olùṣèwádìí tó ń tọpa irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ rí i pé nǹkan bí 33 nínú 100 ló ń kọjá sí yunifásítì, àti pé nǹkan bí 16 péré ló ń gba ìwé-ẹ̀rí ọlọ́dún mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́fà.

Kí ló ń dá àwọn yòókù dúró lọ́nà? Àìrówó wà níbẹ̀, iṣẹ́ àṣelàágùn wà níbẹ̀, ọmọ títọ́ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí kì í ṣe ẹ̀bi akẹ́kọ̀ọ́ rárá: ó ti kàwé, ó ti yege ìdánwò, ó ti sanwó, síbẹ̀ nígbà tó dé yunifásítì, wọ́n ní ohun tó kọ́ kò bá tiwọn mu, kó tún un kọ́.

Láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ti ń wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n rí kọ́ kò ju gbólóhùn kan lọ: ìwé-ẹ̀rí ọlọ́dún méjì kò lágbára ju àdéhùn tí yunifásítì ti fọwọ́ sí kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí kíláàsì.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Ẹ lè béèrè pé kí ló kan ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà. Ó kàn wá gan-an. Ọ̀pọ̀ ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ló ti gba ọ̀nà lọ́tìrì fisa lọ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ní báàkì kí wọ́n tó lọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ṣe ọdún kan tàbí méjì ní Abomey-Calavi tàbí ní Lomé. Bí wọ́n bá dé ọ̀hún, iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá. Bí ara bá wá rọ̀ wọ́n díẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tó wà ládùúgbò ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ sí. Wọ́n á máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n á máa kàwé lálẹ́.

Sáà ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá fi ṣòfò níbẹ̀, ìdílé tó wà nílé náà ń san nínú rẹ̀. Owó tí ẹ̀gbọ́n ì bá fi ránṣẹ́ fún ìwé àbúrò, ilé-ìwé ló tún gbà á. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń kàwé lọ́hùn-ún, ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí yẹ kẹ́ ẹ mọ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn kì í ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa

Lọ́dọ̀ wa, bí a bá sọ pé ọmọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, CEG ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, níbi tí ọmọ ti ń múra de BEPC àti báàkì. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn ilé-ìwé girama ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní community college jẹ́ ilé-ìwé ìjọba tó wà nítòsí àwọn ará ìlú, tí kì í sábà ṣa akẹ́kọ̀ọ́ yàn: ẹni tó bá ti parí girama lè wọlé. Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún ẹni tó bá ń kàwé ní kíkún, ìwé-ẹ̀rí tó sì ń gbà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní associate degree. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìwé-ẹ̀rí ọlọ́dún méjì la ó máa pè é.

Ọdún 1901 ni èyí tó pẹ́ jù lára irú kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba bẹ́ẹ̀ tó ṣì wà títí dòní, Joliet Junior College, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Joliet, ìpínlẹ̀ Illinois. Akẹ́kọ̀ọ́ 6 péré ló kọ́kọ́ ní. J. Stanley Brown, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé girama ìlú náà, àti William Rainey Harper, tó jẹ́ ààrẹ University of Chicago nígbà náà, ló dá a sílẹ̀. Èrò wọn ni pé kí ọmọ ìlú lè ṣe ọdún àkọ́kọ́ yunifásítì nílé, lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, kó tó rìnrìn àjò lọ parí rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn dáadáa: kíkọjá sí yunifásítì kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Òun gan-an ló bí i.

Ní ọdún 1947, ìgbìmọ̀ kan tí Ààrẹ Harry Truman gbé kalẹ̀ dámọ̀ràn pé kí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ tàn káàkiri orílẹ̀-èdè náà, kí ẹ̀kọ́ gíga má bàa jẹ́ ti olówó nìkan. Lónìí, wọ́n lé ní 1,000. Owó wọn ló ń fa èrò: ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024-2025, owó ilé-ìwé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ọlọ́dún méjì ń gbà lọ́wọ́ ará àdúgbò jẹ́ nǹkan bí dọ́là 4,000 lọ́dún, nígbà tí yunifásítì ìjọba ń gba nǹkan bí dọ́là 11,600 lọ́wọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tó bá ṣe ọdún méjì níbi tí kò wọ́n, tó sì ṣe ọdún méjì yòókù ní yunifásítì, ó ti dín nǹkan bí dọ́là 15,000 kù nínú ìnáwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dìgbà tí ọdún méjì àkọ́kọ́ bá kà.

Kírẹ́díìtì: kí wọ́n gbà á, kó sì kà

Kírẹ́díìtì ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kọ́ọ̀sì kan sábà máa ń jẹ́ kírẹ́díìtì 3. Ẹni tó bá ń kàwé ní kíkún ń ṣe nǹkan bí 15 ní sáà kan, ìyẹn 30 lọ́dún. Ìwé-ẹ̀rí ọlọ́dún méjì jẹ́ 60; ti ọlọ́dún mẹ́rin, tí wọ́n ń pè ní bachelor, jẹ́ 120.

Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin tó mọ ètò LMD. Orúkọ kan náà ni, ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe kan náà. Lábẹ́ LMD, tí àjọ UEMOA fi ìwé àṣẹ gbé kalẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ọdún 2007, kírẹ́díìtì 60 jẹ́ iṣẹ́ ọdún kan, licence sì jẹ́ 180. Ní Amẹ́ríkà, 60 jẹ́ iṣẹ́ ọdún méjì. Ẹni tó bá kó 60 láti Calavi lọ, tó rò pé ìdajì bachelor ni òun gbé lọ́wọ́, ìdajì ohun tó rò ló ní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dijú nìyí. Yunifásítì lè gba kírẹ́díìtì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kó má sì kà á fún iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ọmọ kan fẹ́ di ẹnjiníà. Ó ṣe kírẹ́díìtì 60 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó yege gbogbo rẹ̀. Yunifásítì ní àwọn gba gbogbo 60. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ìṣirò tó kọ́ kì í ṣe èyí tí àwọn ẹnjiníà ń lò. Físíìsì tó kọ́ kò jinlẹ̀ tó. Ó tún ṣe kọ́ọ̀sì mélòó kan tí ẹ̀ka ẹnjiníà kò bèèrè. Nígbà tí ẹ̀ka náà ṣírò tirẹ̀, 42 péré ló kà sí iṣẹ́ náà. Èyí tó kù, 18, di kọ́ọ̀sì àfikún tí kò níbi tí wọ́n máa fi sí. Lórí ìwé, 60 ló kù fún un láti parí. Ní tòótọ́, 78 ló kù. Dípò sáà mẹ́rin, ó máa lé ní sáà márùn-ún.

Sáà kan ní yunifásítì ìjọba, owó ilé-ìwé nìkan, súnmọ́ dọ́là 5,800. Bí a bá ka dọ́là kan sí 600 sefa, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ nìyẹn. A kò tíì ka owó ilé gbígbé, ti ọkọ̀, àti iṣẹ́ tí kò lè ṣe nítorí ìwé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ní ọdún 2017, GAO, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ ìjọba, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yí ilé-ìwé padà láàárín ọdún 2004 sí 2009. Wọ́n fojú bù ú pé ìpín 43 nínú 100 lára kírẹ́díìtì wọn ló sọnù. Àwọn tó kúrò ní ilé-ìwé aládàáni tó ń ṣòwò jèrè lọ sí ti ìjọba kò pọ̀ nínú wọn, ìpín 4 péré, ṣùgbọ́n àwọn ló jìyà jù: ìpín 94 nínú 100 lára kírẹ́díìtì wọn ló lọ. Nítorí náà, bí ilé-ìwé kan bá ń polówó ara rẹ̀ kíkankíkan fún àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ẹ kọ́kọ́ béèrè pé yunifásítì wo ló ń gba ìwé rẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta, orúkọ tó jọra

Ohun mìíràn tó ń kó àlejò sí wàhálà ni pé ìwé-ẹ̀rí ọlọ́dún méjì kì í ṣe oríṣi kan. AA wà, fún ẹ̀kọ́ gbogbogbò bí èdè, ìtàn àti ìmọ̀ àwùjọ. AS wà, fún sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Méjèèjì yìí ni wọ́n sábà máa ń ṣe fún ẹni tó ń lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n AAS tún wà, tí wọ́n ṣe fún ẹni tó fẹ́ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ kíákíá, bí àtúnṣe ọkọ̀ tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. AAS wúlò, ó sì ń múni ríṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ni yunifásítì kì í kà. Lẹ́tà A kan péré ló wà láàárín AS àti AAS. Lójú ẹni tí èdè Òyìnbó kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu, kò sí ìyàtọ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìyàtọ̀ náà lè tó ọdún kan àbọ̀.

Florida: àdéhùn kan fún gbogbo ìpínlẹ̀

Florida wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i pé kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan máa bá yunifásítì kọ̀ọ̀kan jà. Láti ọdún 1971 ni ìpínlẹ̀ náà ti ní àdéhùn kan ṣoṣo tó de gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì ìjọba rẹ̀. Lónìí, kọ́lẹ́ẹ̀jì 28 àti yunifásítì 12 ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló mú kó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èkíní, ẹni tó bá gba AA ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ní ìdánilójú pé yóò rí àyè nínú ọ̀kan lára àwọn yunifásítì ìjọba. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ èyí tó wù ú jù, àwọn ẹ̀ka tí èrò pọ̀ sí sì lè bèèrè ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò ní dúró síta. Èkejì, ẹ̀kọ́ gbogbogbò jẹ́ kírẹ́díìtì 36. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ti jẹ́rìí pé akẹ́kọ̀ọ́ ti parí rẹ̀, yunifásítì kò gbọ́dọ̀ ní kó tún un ṣe. Ẹ̀kẹta, kọ́ọ̀sì ní nọ́ńbà kan náà jákèjádò ìpínlẹ̀. Bí nọ́ńbà kọ́ọ̀sì ìṣirò kan ní Miami bá bá ti Tallahassee mu, ọ̀kan náà ni wọ́n, kò sí àríyànjiyàn.

Ó lè dà bí ohun kékeré létí, pé kí kọ́ọ̀sì ní nọ́ńbà kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé ọjà: bí oníkálukú bá ń fi igbá tirẹ̀ wọn gàrí, ojoojúmọ́ ni ìjà máa wà láàárín ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà. Bí gbogbo ọjà bá ń lo òṣùwọ̀n kan, ìjà tán.

California: òfin ọdún 2010

California ló ní ètò kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, kọ́lẹ́ẹ̀jì 116. Láti ọdún 1960 ni ìpínlẹ̀ náà ti ní ètò ńlá kan tó pín iṣẹ́ sí mẹ́ta: kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì fún gbogbo ènìyàn, California State University, tí wọ́n ń pè ní CSU, àti University of California, UC. Wọ́n ní kí ọ̀nà ṣí láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọ̀nà ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu-ibodè pọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí ọgbà CSU kan gbà, ọgbà kejì lè kọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ èyí tó máa gba òun á máa kó kọ́ọ̀sì jọ fún gbogbo wọn. Ẹlòmíràn á fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ pẹ̀lú kírẹ́díìtì tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n bèèrè lọ, kò sì tíì gba ìwé-ẹ̀rí kankan.

Ní ọdún 2010, aṣòfin Alex Padilla gbé àbá òfin SB 1440 kalẹ̀, Gómìnà Arnold Schwarzenegger sì fọwọ́ sí i lóṣù kẹsàn-án ọdún náà. Òfin yìí dá ìwé-ẹ̀rí tuntun sílẹ̀, ìwé-ẹ̀rí ọlọ́dún méjì fún kíkọjá sí yunifásítì. Kírẹ́díìtì 60 ni. Nígbà tí òfin náà jáde, kọ́lẹ́ẹ̀jì kò gbọ́dọ̀ bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbà á, tó sì ní máàkì tó òṣùwọ̀n, ní ìdánilójú àyè nínú ètò CSU, yóò sì wọlé ní ọdún kẹta. Bó bá sì ti wọ ẹ̀ka tó bá ohun tó kọ́ mu, yunifásítì náà kò gbọ́dọ̀ bèèrè ju kírẹ́díìtì 60 mìíràn lọ kó tó fún un ní bachelor fún èyí tó pọ̀ jù nínú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. 60 pẹ̀lú 60, ó di 120.

Òfin nìkan kò tó. Iṣẹ́ ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àti ti yunifásítì ní láti jókòó pọ̀, ẹ̀ka kan lẹ́yìn òmíràn: onímọ̀ ìṣirò pẹ̀lú onímọ̀ ìṣirò, onímọ̀ ìtàn pẹ̀lú onímọ̀ ìtàn. Wọ́n ní láti fẹnu kò sí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ní òpin ọdún kejì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Síbẹ̀, ihò kù. Ìdánilójú náà wà fún ètò CSU lápapọ̀, kì í ṣe fún ọgbà kan pàtó. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń gbé Los Angeles, tí wọ́n fún láyè ní ọgbà tó jìnnà sí i ní wákàtí mẹ́fà, kò rí àyè rárá. Òfin náà kò sì de UC lọ́nà kan náà, nítorí náà ẹni tó fẹ́ lọ síbẹ̀ ní ìlànà mìíràn láti tẹ̀ lé. Ní ọdún 2021, òfin méjì mìíràn jáde. AB 928 ní kí ẹ̀kọ́ gbogbogbò di ọ̀kan ṣoṣo fún CSU àti UC. Ìlànà náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025. AB 1111 ní kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì 116 náà máa lo nọ́ńbà kọ́ọ̀sì kan náà, gẹ́gẹ́ bí Florida ti ń ṣe tipẹ́tipẹ́.

Ta ló yẹ kó ru ẹrù náà?

Bí a bá fi Florida àti California wéra, a ó rí i pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn: bí kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì kò bá gbọ́ ara wọn yé, ta ló ń san owó rẹ̀? Níbi tí kò sí àdéhùn, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Òun ló máa gbé ìwé káàkiri láti fi hàn pé kọ́ọ̀sì òun dára. Òun ló máa tún un ṣe bí wọ́n bá kọ̀. Níbi tí àdéhùn gidi wà, àwọn ilé-ìwé ló ń ru ẹrù náà.

Maryland gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà. Òfin kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 2021 sọ pé bí yunifásítì ìjọba bá kọ kírẹ́díìtì tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà àti fún kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti wá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì lè wá bá yunifásítì sọ ọ́. Ní ìlú New York, CUNY, tó kó kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì àti ọlọ́dún mẹ́rin ìlú náà pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2013 tó mú kí kírẹ́díìtì 30 ti ẹ̀kọ́ gbogbogbò jẹ́ ọ̀kan náà ní gbogbo ilé-ìwé rẹ̀.

Ó yẹ ká gbọ́ ti àwọn olùkọ́ yunifásítì náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bẹ̀rù pé orúkọ kọ́ọ̀sì lè jọra, kí ohun tí wọ́n kọ́ nínú rẹ̀ má jọra. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé ọdún kẹta tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò dúró, yóò ṣubú, ìṣubú náà yóò sì bà á jẹ́ ju kó tún kọ́ọ̀sì kan ṣe lọ. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe asán. Ṣùgbọ́n ìgbà tó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀, lórí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣètò kọ́ọ̀sì náà. Kò yẹ kó jẹ́ ẹ̀yìn ọdún méjì, nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ ti náwó tán.

Àléébù kan tún wà tí àdéhùn tó dára jù náà kò lè mú kúrò. Ó ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tètè mọ ohun tó fẹ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò owó, tó wá yí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dún kejì, yóò pàdánù díẹ̀, àdéhùn ìbá à wà. Ìdí nìyẹn tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó mọṣẹ́ fi ń ní olùgbaninímọ̀ràn tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ní oṣù àkọ́kọ́, kì í ṣe ní oṣù tó kẹ́yìn.

Nílé wa ńkọ́?

Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí wa. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ẹni tó ní BTS tàbí DUT ti ṣe ọdún méjì lẹ́yìn báàkì. Licence jẹ́ ọdún mẹ́ta. Bí a bá fi ojú LMD wò ó, ọdún kan, ìyẹn kírẹ́díìtì 60, ló yẹ kó kù fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí ìwé ètò àti ohun tí akọ̀wé yunifásítì yóò sọ fún un lójú fèrèsé ìforúkọsílẹ̀ lè má jẹ́ ọ̀kan, bí àwọn ilé-ìwé méjèèjì kò bá tíì fẹnu kò. Ọmọ tó gba BTS iṣẹ́ àgbẹ̀, tó sì fẹ́ tẹ̀ síwájú ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kétu, ìbéèrè tó máa bi wọ́n kò yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ Joliet ń bi Chicago: nínú ohun tí mo ti kọ́, èwo lẹ máa kà?

Àwọn ará wa ní Nàìjíríà náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ṣe ọdún méjì ní pọlí, tó gba ND, lè gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Direct Entry wọ yunifásítì. Ọdún kejì ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. Ọdún méjì ló ṣe, ọdún kan ló kà. Òfin ló rí bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì ti mọ̀ ọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn dára ju kó bá a lójijì. Ṣùgbọ́n ọdún kan ṣì lọ.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Bí ẹ bá ní ẹni tó fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ní Amẹ́ríkà tàbí tó ti wà níbẹ̀, ẹ pè é kí ẹ bá a sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Kó kọ́kọ́ mọ yunifásítì àti iṣẹ́ tó ń lọ kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè yí i padà. Lẹ́yìn náà, kó béèrè ìwé àdéhùn tó wà láàárín kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ àti yunifásítì yẹn lórí iṣẹ́ yẹn gan-an. Ní California, ìkànnì ASSIST ń fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́ bí kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ṣe bá ti yunifásítì ìjọba mu. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn ní irú rẹ̀.

Bí olùgbaninímọ̀ràn bá sọ pé wọ́n máa gbà á, kó béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i: ṣé wọ́n máa kà á fún iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́, àbí wọ́n máa fi ṣe kọ́ọ̀sì àfikún? Kó gba ìdáhùn náà lórí ìwé tàbí nínú ímeèlì, kó sì tọ́jú rẹ̀. Kó tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tí olùkọ́ kọ́ wọn nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Bí àríyànjiyàn bá dé, ìwé ló ń sọ̀rọ̀.

Kó yẹ lẹ́tà orí ìwé-ẹ̀rí náà wò: AA, AS, tàbí AAS. Kó sì má ṣe fi ìṣirò sẹ́yìn. Nínú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà, kọ́ọ̀sì kan ló ń ṣílẹ̀kùn fún òmíràn. Ẹni tó bá fi ìṣirò sílẹ̀ di ọdún kejì yóò dúró de ilẹ̀kùn tó ti.

Ọ̀rọ̀ owó tún kù. Owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Pell Grant, tí ẹni tó ní green card lè bèèrè fún bí owó tó ń wọlé fún un bá kéré, ní òpin: iye tó tó sáà 12 fún ẹni tó ń kàwé ní kíkún, ó tán. Sáà tó bá fi tún kọ́ọ̀sì ṣe wà nínú 12 náà. Ẹni tó lọ pẹ̀lú fisa akẹ́kọ̀ọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó yìí rárá, tirẹ̀ tún wá le jù.

Ẹ̀yin tó wà nílé náà ní iṣẹ́ tiyín. Bí ẹni yín bá ti ní báàkì tàbí ọdún díẹ̀ ní yunifásítì níbí, ẹ bá a gba relevé de notes rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì tó ṣe, kó tó rìnrìn àjò bó bá ṣeé ṣe. Wọ́n máa túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Òyìnbó, ilé-iṣẹ́ kan tó mọ̀ nípa ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé tó wà nínú àpótí nílé kò lè ran ẹni tó wà ní Maryland lọ́wọ́.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kì í ṣe ilé-ìwé ẹni tó kùnà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gba ibẹ̀ dé ipò olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ẹnjiníà àti lọ́yà. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Àwọn àgbà yìí kan náà ló tún ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tó bá ti béèrè, tó sì gba ìdáhùn rẹ̀ lórí ìwé kó tó san owó sáà àkọ́kọ́, ọdún méjì tó bá lò níbẹ̀ yóò kà fún un.